Tòmátì Nínú Ìkòkò Lókè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Fẹ́ Bẹ̀rẹ̀



  

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ọjọ́ òní ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí tòmátì gbígbìn, ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín, nítorí n kì í ṣe àgbẹ̀. Olùkọ́ ìṣirò ni mí, ọdún 31 ni mo sì fi ṣe é kí n tó fẹ̀yìn tì. Akọ̀wé wa dá mi lóhùn pé, "Màmá, ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn. Bí àgbẹ̀ bá sọ ọ́, àwọn èèyàn á ní iṣẹ́ rẹ̀ kúkú ni. Ẹ̀yin ni kí ẹ wá sọ ọ́." Nítorí náà, ẹ má retí ọ̀rọ̀ ọ̀mọ̀wé lẹ́nu mi. Ohun tí mo ṣe, ohun tó bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, àti ohun tó padà yọrí sí rere ni mo kó wá.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló mọ̀ pé oṣù kọkànlá ọdún 2019 ni bàbá àwọn ọmọ mi dágbére fáyé. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní ìparí oṣù kẹta ọdún 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná kéde kónílé-ó-gbélé nítorí àrùn Kòrónà. Àwọn ọmọ wà ní Èkó àti Ìbàdàn, ọ̀nà sì ti dí. Èmi nìkan ni mo ṣẹ́ kù sínú yàrá mẹ́ta lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹ̀yin náà rántí bí ìgbà yẹn ṣe rí. Ọjọ́ tí wọ́n bá yọ̀ǹda fún wa nìkan la fi ń sáré lọ sọ́jà, kí a sì tó débẹ̀, ohun tó dára ti tán.

N kò ní parọ́ fún yín. Ìgbà kan dé tí ilẹ̀ á mọ́, tí n kò ní rí ohun tí mo fẹ́ torí rẹ̀ dìde. Àbíkẹ́yìn mi a pè mí láràárọ̀, a ní, "Màmá, kí lẹ jẹ?" Mo máa ń dá a lóhùn pé mo ti jẹun dáadáa. Irọ́ ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń gé tòmátì kan tó ti rọ̀ jù. Mo rí i pé àwọn hóró tó wà nínú rẹ̀ ti ń hù. Mo wò ó títí. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo bu iyẹ̀pẹ̀ ní ìdí ògiri sínú agolo mílíkì mẹ́fà, mo sì gbìn wọ́n. Bí mo ṣe di onítòmátì nìyẹn.

Kí ló kàn wá níbẹ̀?

Ẹnì kan lè bi mí pé, "Tòmátì nínú ìkòkò ní Kàdúná níbí? Níbi tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kó apẹ̀rẹ̀ tòmátì lọ sí Mile 12 l'Ékòó?" Òótọ́ ni. Òkè Ọya ni èyí tó pọ̀ jù nínú tòmátì tí Nàìjíríà ń jẹ ti ń wá. Nígbà ọyẹ́, ọjà a kún, owó rẹ̀ a wálẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti dé, láti nǹkan bí oṣù karùn-ún sí oṣù keje, ìyá ilé a máa fọwọ́ lérán níwájú àtẹ.

Ẹ rántí ọdún 2016. Àfòpiná kékeré kan tó ń jẹ́ Tuta absoluta, tí ìdin rẹ̀ máa ń jẹ inú ewé àti inú èso, ba oko jẹ́ débi pé àwọn èèyàn ń pè é ní Ẹ̀bólà tòmátì. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, ìjọba ìpínlẹ̀ wa níbí kéde pàjáwìrì nítorí rẹ̀. Gúúsù Amẹ́ríkà ni kòkòrò náà ti wá, ibẹ̀ náà sì ni tòmátì fúnra rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá.

Mo fẹ́ kí ó yé wa kí a tó lọ síwájú pé ìkòkò mẹ́ta kò lè rọ́pò ọjà. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ nítorí àtilówó yóò pa á tì kí oṣù méjì tó pé. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa ní bí a bá ń gún iyán nínú ewé, tí a ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó.

Èyí tó kú àti èyí tó rọ́kú yẹ̀

Mo gbé agolo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, kí n lè máa rí wọn. Ní ọjọ́ kẹfà, wọ́n hù. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n wọ́n ń ga, wọ́n ń tínrín bí okùn ìránṣọ, gbogbo wọn sì dorí kọ ọ̀nà fèrèsé. Mo rò pé òùngbẹ ló ń gbẹ wọ́n, ni mo bá ń bu omi sí i láàárọ̀ àti lálẹ́. Agolo kò ní ihò nísàlẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ìdí wọn ti rà, wọ́n ṣubú lulẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Oòrùn ni wọ́n ń wá, èmi ń fún wọn lómi.

Ní oṣù kẹfà, mo tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí mo lo bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà mẹ́ta, mo lu ihò sí wọn nídìí, mo sì gbé wọn sí faráńdà. Aládùúgbò kan tó ń sin adìyẹ fún mi ní ìgbẹ́ adìyẹ tútù, mo sì pò ó mọ́ iyẹ̀pẹ̀. Ó jó gbòǹgbò méjì pa. Ẹyọ kan tó kù ga dé àyà mi, ewé rẹ̀ dúdú minimini, ó sì yọ òdòdó ní oṣù kẹjọ. Ṣùgbọ́n kàkà kí òdòdó náà di èso, ńṣe ló ń rẹ̀ dànù. Àràárọ̀ ni mò ń fi ọwọ̀ gbá a nílẹ̀ faráńdà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣọ́ ilé wa ló bá mi gbé omi gòkè lọ́jọ́ kan. Ọmọ Hausa ni, ìhà Záríà ni, àwọn èèyàn rẹ̀ sì ń dá oko tòmátì. Ó wo igi náà yí ká, ó wá bi mí ní èdè rẹ̀ pé, "Mama, ta ló ń gbọ̀n ọ́n fún yín?" Mo ní gbígbọ̀n báwo? Ó ní, "Lóko wa, atẹ́gùn ló ń gbọ̀n ọ́n, kòkòrò náà sì ń bà lé e. Níbí, ògiri ló yí i ká." Ó fi ìka ta igi náà pẹ́pẹ́pẹ́, ìyẹ̀fun pupa rúsúrúsú díẹ̀ sì bọ́ lára òdòdó sí ọwọ́ rẹ̀.

Ìyẹ̀fun yẹn ni ọ̀rọ̀ náà. Òdòdó tòmátì kan ṣoṣo ní akọ àti abo nínú, kò nílò òdòdó mìíràn. Ṣùgbọ́n ohun kan gbọ́dọ̀ mì ín kí ìyẹ̀fun akọ tó lè kán sórí abo. Lóko, atẹ́gùn àti àwọn oyin ńlá kan tó máa ń kùn lórí òdòdó ló ń ṣe é. Ní Yúróòpù, níbi tí wọ́n ti ń gbin tòmátì sínú ilé onígíláàsì, wọ́n máa ń kó àwọn oyin onírun ńlá wọ inú ilé náà nítorí iṣẹ́ yìí nìkan.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ta igi mi láàárọ̀. Mo rí èso mẹ́sàn-án. Mẹ́rin nínú wọn dúdú nídìí, ó rà, nítorí pé mo máa ń gbàgbé omi fún ọjọ́ mẹ́ta, kí n tó wá da odidi garawa sí i lọ́jọ́ kan. Síbẹ̀, márùn-ún dára.

Ibẹ̀ ló ti yé mi. Tòmátì tó wà lóko, ohun mẹ́rin ń bẹ tí a kì í san owó rẹ̀: oòrùn, ilẹ̀ tó ń fa omi lọ, atẹ́gùn pẹ̀lú oyin, àti gbòǹgbò tó lè wá omi lọ jìnnà. Bí a bá ti mú un wọ inú ilé, a ti gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó mú un wọlé ló gbọ́dọ̀ dá wọn padà fún un.

Bí a ṣe lè ṣe é

1. Ibi tí oòrùn wà. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ wá ibi tó ń rí oòrùn fún wákàtí mẹ́fà ó kéré tán. Èmi mú ṣọ́ọ̀kì, mo ń sàmì sílẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan síbi tí oòrùn dé. Ọjọ́ kan péré ló gbà. Faráńdà tó ṣí sílẹ̀ ló dára jù. Bí kò bá sí, ìdí fèrèsé gan-an ni, kí ẹ sì ṣí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn lọ́sàn-án, nítorí ó máa ń dín ìmọ́lẹ̀ kù. Ní Kàdúná níbí, láti nǹkan bí ìdajì oṣù kẹrin títí di ìparí oṣù kẹjọ, ìhà àríwá ni oòrùn ọ̀sán máa ń tẹ̀ sí. Ní àwọn oṣù yòókù, ìhà gúúsù ni. Nítorí náà, faráńdà tó kọjú sí gúúsù máa ń rí oòrùn dáadáa nígbà ọyẹ́.

2. Àkókò. Ìparí oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá ni kí olùbẹ̀rẹ̀ gbin hóró. Tòmátì fẹ́ oòrùn, ṣùgbọ́n kò fẹ́ ooru àjùlọ. Bí ọ̀sán bá ti gbóná kọjá ìwọ̀n 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí òru kò sì tutù, òdòdó a máa rẹ̀ dànù bó ti wù kí a gbọ̀n ọ́n tó. Ooru oṣù kẹta àti oṣù kẹrin wa níbí kò dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ.

3. Irúgbìn. Hóró inú tòmátì ọjà lè hù, bó ṣe hù fún mi, ṣùgbọ́n a kì í mọ irú igi tí yóò dà. Ẹ ra Roma VF ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta èròjà oko. Igi rẹ̀ kì í ga jù, ó bá ìkòkò mu. Àwọn tòmátì wẹ́wẹ́ bí àgbálùmọ̀ kékeré náà dára.

4. Ìkòkò. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà tó gba lítà 20 fún igi kan, ẹyọ igi kan ṣoṣo. Kéègì tí a gé orí rẹ̀ náà dára. Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ má sì lo èyí tí wọ́n fi ru kẹ́míkà. Ẹ lu ihò bíi mẹ́jọ sí ìdí rẹ̀, kí ẹ gbé e lé búlọ́ọ̀kù wẹ́wẹ́ méjì kí omi lè rí ọ̀nà jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé e lé orí irin faráńdà. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tó kún fún iyẹ̀pẹ̀ tútù lè pa èèyàn nísàlẹ̀.

5. Iyẹ̀pẹ̀. Ìwọ̀n méjì iyẹ̀pẹ̀ dúdú, ìwọ̀n kan yanrìn, ìwọ̀n kan ajílẹ̀ tó ti jẹrà. Ìgbẹ́ adìyẹ tàbí ti màlúù gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ fún oṣù méjì sí mẹ́ta, títí tí kò fi ní rùn mọ́. Ajílẹ̀ tó bá pọ̀ jù, ewé nìkan ni yóò fún yín.

6. Gbígbìn àti lílọ́. Ẹ gbin hóró méjì méjì sínú ife tí a lu nídìí tàbí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, kó má jìn ju ìlàjì èékánná lọ. Ọjọ́ 5 sí 10 ni yóò fi hù. Ọjọ́ tó bá ti hù ni kó ti máa rí oòrùn. Ẹ fa èyí tó lẹ nínú méjèèjì tu. Bí ó bá tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ lọ́ ọ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ títí dé abẹ́ ewé àkọ́kọ́, nítorí ara igi tó bá wọlẹ̀ yóò yọ gbòǹgbò. Ọjọ́ náà ni kí ẹ ti ri ọ̀pá tì í, kí ẹ má baà gún gbòǹgbò rẹ̀ tó bá yá.

7. Omi. Ẹ ti ìka bọ iyẹ̀pẹ̀ dé oríkèé kejì. Bí ibẹ̀ bá gbẹ, ẹ bomi rin ín títí omi á fi jáde nísàlẹ̀. Bí ó bá tutù, ẹ fi sílẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ó lè jẹ́ ojoojúmọ́. Kó máa ṣe déédéé ni kó má baà dúdú nídìí. Koríko gbígbẹ tí a tẹ́ lé iyẹ̀pẹ̀ náà lórí kì í jẹ́ kí omi tètè gbẹ.

8. Gbígbọ̀n. Bí òdòdó bá ti là, ẹ máa fi ìka ta igi náà láàárọ̀, láàárín aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá, nígbà tí ìrì ti gbẹ. Ìṣẹ́jú kan kò pé lórí rẹ̀.

9. Kòkòrò. Ẹ máa yí ewé wò lẹ́yìn. Bí ẹ bá rí kòkòrò funfun kéékèèké tó ń fò, ẹ fi omi ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Omi tí a rẹ ewé dógóyárò sí di ọjọ́ kejì náà máa ń lé wọn. Igi tí ewé rẹ̀ bá ká kò, tó sì ràn, ẹ fà á tu kó má baà ran èkejì rẹ̀. Ẹni tó bá ń mu sìgá, kó fọwọ́ kó tó kàn án, nítorí ìdílé kan náà ni tábà àti tòmátì, àrùn tábà sì lè ràn án. Ewé tòmátì kì í ṣe ẹ̀fọ́ o, ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọdé.

10. Lẹ́yìn ìkórè. Ẹ má gbin tòmátì, ata tàbí ìkàn sínú iyẹ̀pẹ̀ náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ìdílé kan ni wọ́n, àrùn kan náà ló ń bá wọn jà. Ẹ gbin ewédú tàbí tẹ̀tẹ̀ sí i.

Ohun tí mo kórè

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, mo gbin ti ẹ̀ẹ̀kẹta, bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, ó pọ́n. Olùkọ́ ìṣirò ni mí, mo kà á. Ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún, mo ká 67. Oṣù kìíní ni tòmátì máa ń pọ̀ lọ́jà jù, nítorí náà bí ẹ bá ní kí n ṣírò owó tí mo jèrè, kò pọ̀.

Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ tí mo kọ́kọ́ ká mẹ́fà, mo lọ̀ wọ́n pẹ̀lú ata, mo se ọbẹ̀, mo sì jókòó sídìí tábìlì jẹun, tábìlì tí n kò jókòó tì láti ọjọ́ tí ẹnì kejì mi ti lọ. Nígbà tí ọmọ mi pè mí tó ní, "Màmá, kí lẹ jẹ?" mo sọ òótọ́ fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Màmá, ohùn yín yàtọ̀." Ṣé tòmátì ló ṣe é? N kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé fún oṣù mẹ́ta, nǹkan kan wà lórí faráńdà tó ń dúró dè mí kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Ó di dandan kí n dìde.

Ìkádìí

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tó jókòó níwájú yìí, Kàdúná ni a bí wọn sí. Wọn kò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá àgbà tí wọ́n á ti gbọ́ àlọ́, wọn kò ní ọjà alẹ́ tí èdè wa á ti máa fẹ́ lù wọ́n bí atẹ́gùn. A ti gbé wọn sínú ìkòkò. Kò burú, ibi tí oúnjẹ wa wà nìyí. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe jókòó máa retí pé kí òdòdó di èso fúnra rẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ láàárọ̀ kò pọ̀ jù fún ọmọ ẹni.

Lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà, mo kó èèhù tòmátì 40 wá nínú ife, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ẹyọ kan, ọmọ tó kéré jù nínú ilé ni kí ẹ gbé e fún. Kí ó fún un lórúkọ bó bá wù ú. Tí a bá tún pàdé lọ́dún tó ń bọ̀, kí ó wá sọ iye tó ká fún mi, ní èdè Yorùbá. Bí ó bá kú, kí ó wá sọ ohun tó pa á. Ó ṣe tán, agolo mẹ́fà ni èmi náà pa kí n tó mọ̀ ọ́n.